Ìlárá àti Àwọn Ayàwòrán-ilẹ̀: Láti Ìlà 1889 Dé Máàpù Orí Fóònù

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi í ríran. Òwe yìí bá agbègbè etí ààlà Nàìjíríà àti orílẹ̀-èdè Benin mu, nítorí pé àwọn tí wọ́n fa ìlà sórí ilẹ̀ náà kì í ṣe ọmọ ibẹ̀, wọn kò sì bi ọmọ ibẹ̀ léèrè. Ìlárá, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìmẹ̀kọ-Àfọ̀n ní ìpínlẹ̀ Ògùn, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlú tí ọ̀rọ̀ náà kàn gbọ̀ngbọ̀n. Láyé àtijọ́, ilẹ̀ Kétu ni ìlú yìí wà, Alákétu sì ni olórí ìjọba náà. Lónìí, ààlà orílẹ̀-èdè méjì pín àwọn ènìyàn Ìlárá sí méjì. Èdè wọn kò pín, ẹbí wọn kò pín, ṣùgbọ́n àsíá di méjì, owó di méjì, èdè tí ìjọba fi ń kọ̀wé sì di méjì.

Ní òde òní, ẹni tó bá ń ti Ìlaròó tàbí Ayétòrò lọ sí Ìlárá fún ìgbà àkọ́kọ́ yóò yọ fóònù kí ó tó béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹni tó ń bọ̀ láti oko. Oríṣiríṣi máàpù ni ó lè bá nínú fóònù náà. Google Maps ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀. Apple Maps wà lórí fóònù Apple. Waze wà fún àwọn awakọ̀. OsmAnd àti Organic Maps sì wà, tí àwọn méjèèjì ń lo àwòrán ilẹ̀ OpenStreetMap. Áàpù ni gbogbo ènìyàn ń pe irú ètò orí fóònù bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, nítorí náà kò burú pé wọ́n pọ̀. Ìbéèrè tó wà níwájú olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ni pé: èwo nínú wọn ni ó ń sọ òtítọ́ jù, èwo ni ó wúlò jù, èwo ni ó sì ń pa àṣírí ẹni mọ́ jù? Ìtàn Ìlárá lè ran ìdáhùn lọ́wọ́, nítorí pé kì í ṣe fóònù ni ó kọ́kọ́ kó àwọn máàpù tó ń bá ara wọn dupò wọ agbègbè náà.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Faransé ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Èkó wà lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àjàṣẹ́, tí ìwé òyìnbó ń pè ní Porto-Novo, wà lábẹ́ ààbò Faransé. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1889, ìjọba méjèèjì fọwọ́ sí àdéhùn kan. Wọ́n ní kí ààlà tẹ̀lé ìlà òòró tó gba odò Ajara kọjá ní ilẹ̀ Àjàṣẹ́, kí ó fi Ìpòkíá sílẹ̀ fún Èkó, kí ó sì máa lọ tààrà sí àríwá títí yóò fi dé ìwọ̀n 9 ìlà ìbú. Ìlà òòró jẹ́ ìlà tí àwọn onímọ̀ fà nínú èrò láti gúúsù dé àríwá ayé. Ojú kò rí i lórí ilẹ̀. Kò yà fún oko, kò yà fún ọjà, kò yà fún ibojì àwọn baba ńlá.

Ìpín náà sì bọ́ sí àkókò tí onílé kò sí nílé. Ní ọdún 1886, ọdún mẹ́ta péré ṣáájú àdéhùn yìí, àwọn ọmọ ogun Dàhòmì fọ́ ìlú Kétu, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ènìyàn ibẹ̀ lẹ́rú. Nígbà tí wọ́n ń pín ilẹ̀ Alákétu lórí tábìlì, ìlú Alákétu fúnra rẹ̀ ti di ahoro. Lẹ́yìn tí Faransé ṣẹ́gun Dàhòmì ni àwọn ará Kétu tó padà wá tún ìlú wọn tẹ̀ dó. Ní 1895, ìgbìmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jáde lọ wọn ààlà náà lórí ilẹ̀. Wọ́n fọwọ́ sí ìròyìn wọn ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá 1896. Àdéhùn ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà 1898 fi òǹtẹ̀ lù ú, àdéhùn mìíràn sì tún tẹ̀lé e ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹwàá 1906. Odindi ọdún 17 ni ó wà láàárín àdéhùn ìṣáájú àti ti ìkẹyìn yìí. Ní òpin gbogbo rẹ̀, ìlú Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ìlà náà sì gba Ìlárá kọjá.

Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kíyè sí ohun kan nípa iṣẹ́ àwọn òyìnbó méjèèjì. Kò sí sátẹ́láìtì nígbà náà. Ìràwọ̀ ojú ọ̀run àti aago ni wọ́n fi ń mọ ibi tí ẹsẹ̀ wọn wà. Yàtọ̀ sí èyí, ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ìkà kò dọ́gba. Ní 1884, orílẹ̀-èdè 25 pàdé ní Washington láti yan ìlà òòró kan tí gbogbo ayé yóò máa kà láti ibẹ̀. Wọ́n yan ti Greenwich ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Faransé kò dìbò sí i. Ìlà Paris ni ó ń lò títí di 1911. Ìwọ̀n 2 àti ìdámẹ́ta ni ó wà láàárín ìlà méjèèjì. Nítorí náà, ilẹ̀ kan náà ní agbègbè Ìlárá, tí máàpù Gẹ̀ẹ́sì yóò sọ pé ó kọjá ìwọ̀n 2 àti ààbọ̀, máàpù Faransé yóò sọ pé kò tó ààbọ̀ ìwọ̀n. Kò sí èyí tó purọ́ nínú wọn. Olúkúlùkù ń ka ilẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé tirẹ̀ ni.

Ìlà orí ìwé kò pẹ́ di ohun tí ara ń mọ̀. Owó orí tí wọ́n ń san ní apá kan yàtọ̀ sí ti apá kejì, òfin sì yàtọ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, láti 1914 dé 1918, ìjọba Faransé ń fi agbára kó àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin sí iṣẹ́ ológun. Ọ̀pọ̀ ará ilẹ̀ Kétu àti Ọ̀họ̀rí fi ilé àti oko sílẹ̀, wọ́n sì sọdá sí apá Gẹ̀ẹ́sì. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ọ̀nà igbó tí kò sí nínú máàpù ìjọba níye lórí ju èyí tó wà nínú rẹ̀ lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asíwájú, ọmọ bíbí Ìmẹ̀kọ, ni ó tú ìtàn yìí palẹ̀ nínú ìwé tó gbé jáde ní 1976 lórí ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá lábẹ́ ìjọba òyìnbó láti 1889 dé 1945. Ẹnu oníkàn ni wọ́n ti ń gbọ́ pọ̀n-ún: ọmọ ilẹ̀ tí ìlà là já ni ó wá sọ ohun tí ìlà náà ṣe.

Ohun mẹ́ta ni ìtàn yìí kọ́ ènìyàn láti máa bi máàpù yòówù. Ṣé ohun tó wà lórí ilẹ̀ ni ó kọ? Iṣẹ́ ta ni ó ń ṣe? Kí ni ó ń sọ nípa ẹni tó ń rìn, ta ni ó sì ń sọ ọ́ fún? Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí kan náà ni ó yẹ kí wọ́n fi díwọ̀n máàpù orí fóònù.

Ọ̀rọ̀ òtítọ́ ni ó ṣáájú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé áàpù tó bá fi àmì kékeré hàn níbi tí àwọn dúró gan-an ni ó dára jù. Ṣùgbọ́n àmì náà kì í ṣe iṣẹ́ áàpù kankan. Láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì ni ó ti ń wá, pàápàá ètò GPS tí ìjọba Amẹ́ríkà ni. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún ọdún 2000, ìjọba náà mọ̀ọ́mọ̀ ń da àmì tó ń wá sọ́dọ̀ ará ìlú rú, tó fi jẹ́ pé ó lè fi nǹkan bíi mítà 100 ṣìnà. Ààrẹ Bill Clinton ni ó pàṣẹ pé kí wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró. Láti ìgbà náà, fóònù tó wà ní gbangba, níbi tí igi àti ilé kò ti dí ojú ọ̀run, lè mọ ibi tí ẹni tó mú un lọ́wọ́ wà láìfi ju nǹkan bíi mítà 5 ṣìnà. Gbogbo áàpù ni ó ń jẹ nínú oore yìí. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ilẹ̀ tí wọ́n yà sábẹ́ àmì náà.

Google Maps, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2005, ń kó ìmọ̀ jọ láti inú àwòrán sátẹ́láìtì, láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń lò ó, àti láti inú ọkọ̀ tó ń ya àwòrán òpópónà. Ní 2018 ni irú àwòrán òpópónà bẹ́ẹ̀ dé Èkó. Ilé-iṣẹ́ ńlá ni Google, ìpolówó ọjà ni ó sì ń mú owó wọlé fún un. Kò yani lẹ́nu pé ibi tí ṣọ́ọ̀bù àti ọkọ̀ pọ̀ sí ni máàpù rẹ̀ ti kún jù. OpenStreetMap gba ọ̀nà mìíràn. Steve Coast dá a sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2004, àwọn tó ń fi ọwọ́ ara wọn ya ilẹ̀ sínú rẹ̀ kì í sì í gba owó ọ̀yà lọ́wọ́ rẹ̀. Níbi tí olùfẹ́ ilẹ̀ kan bá ti ṣiṣẹ́, ọ̀nà ẹsẹ̀ tó lọ sí oko lè wà nínú rẹ̀. Níbi tí ẹnì kankan kò bá ti ṣiṣẹ́, òfìfo ni. Apple Maps jáde ní oṣù Kẹsàn-án 2012 pẹ̀lú àṣìṣe púpọ̀. Nígbà tó di oṣù Kejìlá ọdún náà, àwọn ọlọ́pàá Australia kìlọ̀ fún àwọn awakọ̀, nítorí pé áàpù náà gbé ìlú Mildura lọ sínú aginjù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 70 sí ibi tó wà gan-an. Orúkọ ńlá kò fi hàn pé máàpù péye. Olùkọ́ lè rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí ọ̀nà tí wọ́n mọ̀ dáadáa, láti ilé-ìwé dé ọjà, kí wọ́n ka iye kànga, iye oríta àti iye orúkọ àdúgbò tí áàpù kọ̀ọ̀kan mọ̀. Ìdánwò bẹ́ẹ̀ lágbára ju ìpolówó lọ.

Ní etí ààlà, òtítọ́ máàpù tún ní ewu tirẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá 2010, ọ̀gá kan tó ń darí iṣẹ́ odò fún Nicaragua, Edén Pastora, tọ́ka sí Google Maps láti fi hàn pé ilẹ̀ tí àwọn ènìyàn rẹ̀ wọ̀ kì í ṣe ti Costa Rica. Google gbà pé ìlà òun ṣìnà, ó sì tún un ṣe. Ní oṣù Kejìlá 2015, Ilé-ẹjọ́ Àgbáyé dájọ́ pé Costa Rica ni ó ni ilẹ̀ tí wọ́n ń jà lé lórí náà. Bẹ́ẹ̀ sì ni Google kì í fi ìlà kan náà han gbogbo ènìyàn. Lẹ́yìn 2014, bí ẹni tó wà ní Rọ́ṣíà ṣe ń rí ààlà Crimea yàtọ̀ sí bí ẹni tó wà níbòmíràn ṣe ń rí i. OpenStreetMap ní ìlànà tirẹ̀: ohun tó wà lórí ilẹ̀ gan-an ni kí wọ́n kọ. Síbẹ̀, kò sí èyí tó jẹ́ adájọ́ nínú wọn. Ní 1964, àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà fẹnu kò ní Cairo pé àwọn yóò bọ̀wọ̀ fún ààlà tí òmìnira bá lórí ilẹ̀. Àdéhùn àti òpó ààlà ni ẹ̀rí tó lágbára. Ìlà orí fóònù kàn ń ròyìn wọn ni, ó sì lè ṣì í ròyìn.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré ni ọ̀rọ̀ ìlà fún ará Ìlárá. Láti oṣù Kẹjọ 2019 títí di oṣù Kejìlá 2020, Nàìjíríà ti àwọn ẹnubodè orí ilẹ̀ rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá 2019, ilé-iṣẹ́ aṣọ́bodè pàṣẹ pé kí wọ́n má gbé epo lọ sí ilé epo kankan tó wà láàárín kìlómítà 20 sí ààlà. Ìwọ̀n orí máàpù ni ó sọ ẹni tí yóò rí epo rà nítòsí ilé rẹ̀ àti ẹni tí kò ní rí i. Ọ̀nà wà lórí fóònù bí ó ti wà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kò lè gbà á kọjá.

Èyí mú ọ̀rọ̀ dé orí ìlò. Google Maps àti Waze, tí Google rà ní 2013, lè sọ ibi tí ọkọ̀ ti dí pa. Wọ́n ń ṣe é nípa kíkíyèsí bí àwọn fóònù tó wà nínú ọkọ̀ ṣe ń yára tàbí tí wọ́n ń fà. Ní Èkó, iṣẹ́ ńlá ni èyí. Ní ojú ọ̀nà oko tí ọ̀kadà méjì kọjá láti òwúrọ̀, kò sí ohun tí wọn yóò fi ṣírò. Ohun tí ará etí ààlà nílò jù ni máàpù tó ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè lọ, fóònù sì lè já bọ́ sórí òpó orílẹ̀-èdè kejì, kí ó sì jẹ owó. Sátẹ́láìtì kì í gba owó, bẹ́ẹ̀ ni kò nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Máàpù ni ó yẹ kó ti wà nínú fóònù. OsmAnd àti Organic Maps ni a dìídì ṣe fún èyí: ènìyàn yóò gba máàpù Nàìjíríà àti ti Benin sínú fóònù lẹ́ẹ̀kan, yóò sì máa lò wọ́n nìṣó. Google Maps náà ń jẹ́ kí ènìyàn gba apá ilẹ̀ kan pamọ́, ṣùgbọ́n ìpamọ́ náà ń fẹ́ àtúnṣe láti ìgbà dé ìgbà, kì í sì í tọ́ ẹlẹ́sẹ̀ sọ́nà bí íntánẹ́ẹ̀tì kò bá sí. Apple fi irú ìpamọ́ bẹ́ẹ̀ kún tirẹ̀ ní 2023. Awakọ̀ tó ń lọ sí Ìkẹjà àti ìyá tó ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí oko kò lè yan máàpù kan náà, kí ó sì bá wọn mu bákan náà.

Ọ̀rọ̀ àṣírí ni ó kẹ́yìn, òun sì ni àwọn ènìyàn kì í sábà bi máàpù. Máàpù orí ìwé kò mọ ẹni tó ń wò ó. Máàpù orí fóònù lè mọ̀ ọ́n, kí ó mọ ibi tó ti ń bọ̀, ibi tó dúró sí àti wákàtí tó lò níbẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ 2018, ilé-iṣẹ́ ìròyìn Associated Press fi hàn pé Google ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ibi tí àwọn kan dé bí wọ́n tilẹ̀ ti pa ètò ìtàn ìrìn wọn. Ní oṣù Kọkànlá 2022, Google gbà láti san mílíọ̀nù 391.5 dọ́là láti yanjú ẹjọ́ náà pẹ̀lú ìpínlẹ̀ 40 ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù Kejìlá 2023, ó kéde pé inú fóònù oníkálukú ni ìtàn ìrìn yóò máa wà. Apple ní òun kì í so ìrìn ènìyàn mọ́ orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ òun. OsmAnd àti Organic Maps kò béèrè pé kí ènìyàn forúkọ sílẹ̀ kí ó tó lè wá ọ̀nà, inú fóònù ni wọ́n sì ti lè ṣe ìwádìí náà.

Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má rò pé ohun tí ilé-iṣẹ́ ńlá kò ni kò lè tú àṣírí. Ẹni tó bá ya ilẹ̀ sínú OpenStreetMap, gbogbo ayé lè rí iṣẹ́ rẹ̀ àti orúkọ tó fi ṣe é. Ní oṣù Kìn-ín-ní 2018, ó hàn sí gbangba pé máàpù Strava, tó kó ipa ẹsẹ̀ àwọn tó ń sáré fún ìlera jọ láìdárúkọ ẹnikẹ́ni, ti fi ibùdó àwọn ológun hàn ní àwọn ilẹ̀ bíi Afghanistan àti Síríà. Orúkọ kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ipa ẹsẹ̀ sọ ọ̀rọ̀. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Òfin wà ní apá méjèèjì: Benin ní ìwé òfin lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà àti íntánẹ́ẹ̀tì láti 2018, Nàìjíríà sì fọwọ́ sí òfin ìdáàbòbò àkọsílẹ̀ ara ẹni ní oṣù Kẹfà 2023. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń sọdá láti kí ìyá rẹ̀ ní apá kejì wà lábẹ́ òfin méjì láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, fóònù rẹ̀ sì ń bá a lọ. Ó tọ́ kí ó mọ ohun tí fóònù náà ń kọ sílẹ̀, kí ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń pa á.

Nítorí náà, ìdájọ́ kò lè jẹ́ ti ẹnì kan. Ẹni tó wà ní ìlú ńlá, tó ń wá ilé ìtajà tàbí tó ń sá fún sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, Google Maps ni yóò gbè é jù. Ẹni tó wà ní ojú ọ̀nà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dájú, tàbí tí kò fẹ́ kí ẹlòmíràn mọ ìrìn rẹ̀, OsmAnd tàbí Organic Maps ni ó yẹ kó ní lọ́wọ́, bí àwọn ará àdúgbò bá ti ya ilẹ̀ náà. Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ni ó gbé ẹrù wá sí ọ̀dọ̀ ọmọ ilẹ̀. Ní 1889, kò sí ẹni tó bi ará Ìlárá léèrè. Lónìí, akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Ìlaròó tàbí Ayétòrò lè kọ orúkọ àdúgbò sórí máàpù ayé pẹ̀lú àmì ohùn tó tọ́. Ó lè fi ilé-ìwé, ilé ìwòsàn, ọjà àti kànga síbẹ̀, kí aláìsàn tí wọ́n ń gbé lóru má baà ṣìnà.

Kí ó tó ṣe bẹ́ẹ̀, kí ó bi àwọn àgbà léèrè. Igbó tí ìlú kò fẹ́ kí àlejò wọ̀, ilé ẹni tó ń sá fún wàhálà, ipa ẹsẹ̀ tí ìdílé kan ń gbà lọ bá ìdílé rẹ̀, àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ohun tí ẹnì kan ń dá kọ sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Gbogbo ohun tí ojú rí kọ́ ni ẹnu ń sọ. Àwọn ayàwòrán-ilẹ̀ ìgbà 1889 fa ìlà láìmọ àwọn tó ń gbé orí ilẹ̀; àwọn ti òde òní lè mọ àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Láàárín àṣìṣe méjèèjì yìí ni iṣẹ́ wà fún ọmọ Ìlárá tó bá kàwé: kí ó jẹ́ òun ni yóò sọ ibi tí ìlú òun wà, kí ó sì jẹ́ òun ni yóò sọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà yóò mọ.